Ìyá Tí Kò Dá Wa Lóhùn Ní Oǹdó

Ènìyàn ò tíì lè rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí èmi àti Àmọ̀kẹ́ jáde nílé ní Àkúrẹ́. Mo ti kírun àsùbáà, mo ti fi òróró gbígbóná ra orúnkún mi òsì, èyí tó máa ń wú bí ẹni pé wọ́n ki àgbálùmọ̀ sábẹ́ awọ. Àmọ̀kẹ́ gbé báàgì mi kọ́ èjìká ọ̀tún, ó gbé tirẹ̀ kọ́ tòsì, a sì kọrí sí gáréèjì àwọn tó ń lọ Oǹdó.

Ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé aṣọ ni mo fi ogójì ọdún tà ní Ọjà Ọba níbí. Àmọ̀kẹ́ tí mo ń wí yìí, ọmọ Lásísì ọmọ mi ni. Iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́ ní yunifásítì: àwòrán kíkùn, ère mímọ, gbogbo ohun tí ojú ń jẹ tí ẹnu kì í jẹ. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó mú iṣẹ́ ọnà kan, kí ó kọ ohun tí iṣẹ́ náà ṣe fún òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Orí fóònù ló ti rí ère ìyá arúgbó kan tó wà ní Oǹdó. Ó kọ ọ́, olùkọ́ dá a padà. Ó tún un kọ, wọ́n tún dá a padà. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ ni mo kà. Ìwọ ńkọ́?" Àárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ tí a ń lọ yìí ni ìwé ẹ̀ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ wọlé, kò sì ní sí ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Ọ̀rọ̀ bírò pupa yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó wá jókòó sí etí ibùsùn mi, ó ní, "Màmá, bóyá mi ò lójú iṣẹ́ yìí. Mo ń wo nǹkan, mi ò rí i." Bàbá rẹ̀, tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, ti bá a gba fọ́ọ̀mù tí yóò fi bọ́ sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú báàgì rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó ti kọ orúkọ sí i, kí ó fọwọ́ sí i ló kù. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi ojú ara òun rí ère náà. Bí kò bá bá òun sọ nǹkan kan, òun á fọwọ́ sí i.

Mo ní kò burú, màá bá ọ lọ. Lásísì ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Orúnkún yín ńkọ́?" Mo ní, "Ṣé orúnkún mi ló ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ni?"

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì jókòó sínú mótò kí ó tó kún. Kò tètè kún. Àmọ̀kẹ́ yọ fóònù, ó ń fi iṣẹ́ ọnà hàn mí. Ọ̀kan wà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ní ìlú òyìnbó. Pupa lásán ni mo rí, láti etí kan dé etí kejì.

Mo ní, "Ṣé ẹni tó kùn ún kò tíì parí ni?"

"Ó ti parí, Màmá."

"Á jẹ́ pé epo ló dà sí i lára."

Dẹ́rẹ́bà, ọmọ Àkúrẹ́ kan tó ti ń fetí kọ́ wa, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ gan-an?"

"À ń lọ wo ère ní Oǹdó."

"Ère! Àlàájà! Pẹ̀lú ìborùn lórí yẹn?" Ó na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀. "Ẹ wo èmi níbí. Láti aago márùn-ún ni mo ti jókòó, èrò kan ṣoṣo ló kù, kò yọjú. Ère wo lẹ tún ń wá lọ sí Oǹdó?"

Gbogbo mótò rẹ́rìn-ín. Àmọ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣí àwòrán ère tirẹ̀. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ìyá arúgbó kan tẹ orí ba, ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn ènìyàn ti kọ ọ̀rọ̀ jánrẹrẹ sábẹ́ rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ sì kà á fún mi: ìyá tó ń sùn, ìyá tí iṣẹ́ ti pa, sùn re o, Màmá.

Mo ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́."

Ó pa fóònù dé. "Ohun tí èmi náà kọ nìyẹn."

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ojú yín máa ń rí ọ̀nà jìnnà, ẹ ó rí igi káṣú tó wà ní ọ̀kánkán kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀. Níbí, igbó ló ń mú yín dání. Igi kòkó ni lọ́tùn-ún, igi kòkó ni lósì, ìkùukùu sì jókòó sórí wọn bí òwú. Ọ̀nà dán ní ibì kan, ó sì gbó ní ibòmíràn, tí dẹ́rẹ́bà á máa yí ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń fi asẹ́ jọ èlùbọ́. Ní Ọ̀wẹ̀nà, àwọn obìnrin gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáré tọ mótò wá. Mo ra ẹyọ ìdì kan. Dẹ́rẹ́bà ní ẹ̀gbọ́n òun kan ní Bọ́lọ́rundúró ti ń gún uyán de òun. Uyán ni wọ́n ń pe iyán ní Àkúrẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe iṣu ní usu. Ogójì ọdún rèé, etí mi ti gbà á, ahọ́n mi kọ̀.

A wọ Oǹdó nígbà tí oòrùn ti ń ta. Ní àdúgbò Òkèlisà ni ilé ère náà wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá tó mọ ère náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Fúnmi, ló ń tọ́jú àwọn iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó gbé ìwé àlejò síwájú Àmọ̀kẹ́ pé kí ó kọ orúkọ wa, ó bá wọlé lọ wá bírò. Èmi ń wá ibi tí màá jókòó sí. Mo gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kọjá sínú yàrá kan.

Inú yàrá náà ṣókùnkùn sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé. Mo rí ìyá kan tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ kan, ó ká èkejì, bí àwa tí orúnkún ń dùn ṣe máa ń jókòó. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí lé itan, ó ń bó o. Aṣọ ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí aṣọ ni mo mọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìró rẹ̀, ojúlówó, ó sì ti ṣá ní ẹ̀gbẹ́ itan níbi tí obìnrin máa ń nu ọwọ́ sí bó bá ń dáná. Mo ní lọ́kàn mi pé èyí ni ìyá onílé, ó sì jù mí lọ dáadáa. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú ìjókòó."

Kò dáhùn.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Bí o bá kúnlẹ̀ fún àgbà, àgbà ló máa ní kí o dìde. Mo rò pé etí rẹ̀ ti di, mo gbé ohùn sókè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà!" Kò dáhùn. Mo wá rántí pé mo wọ bàtà wọlé. Mo ní háà, ìwà tí mo hù rèé. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń fi ọwọ́ kan fa bàtà yọ ní ẹsẹ̀, orúnkún òsì ń ta mí bí agbọ́n, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, mà, ojú ọ̀nà ni mo ti ń bọ̀."

Àmọ̀kẹ́ yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó mí sínú, mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Mo rọra sọ fún un pé, "Kí ìyá."

Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó wá tẹjú mọ́ ojú ìyá náà.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Fúnmi wọlé pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. "Yéè! Màmá! Ẹ dìde, ẹ dìde! Ère ni o!"

"Ère kẹ̀?"

"Ère ni, Màmá! Sìmẹ́ńtì ni. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n fi mọ, aṣọ ìyá náà gan-an ni wọ́n ró fún un."

Èmi Àlàájà, èmi tí mo lọ Mẹ́kà tí mo bọ̀, mo kúnlẹ̀ fún sìmẹ́ńtì, mo tún bọ́ bàtà fún un! Mo ní, "Ọlọ́run mọ ẹni tí mo kí." Mo na ọwọ́ sí Àmọ̀kẹ́ kí ó fà mí dìde.

Àmọ̀kẹ́ di ọwọ́ náà mú, kò fà á. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ wo ojú wọn."

Mo wò ó. Oòrùn fèrèsé ti mọ́ mi lójú nígbà náà. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ nínú fóònù, tí gbogbo ayé ń pè ní oorun, kò padé. Ojú wà lábẹ́ rẹ̀, ó là kedere, ojú tí wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́. Ìsàlẹ̀ ló ń wò. Ibi tí èmi àti Àmọ̀kẹ́ wà gan-an ló ń wò, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, tí ìyá ń wò bóyá ọmọ náà sùn dáadáa.

"Kò sùn," ni Àmọ̀kẹ́ ń wí. "Màmá, kò sùn rárá. Lóòró ni gbogbo àwọn tó ya fọ́tò rẹ̀ dúró."

Àǹtí Fúnmi ní irọ́ ni. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀, ó ti pa ojú dé ni. Àmọ̀kẹ́ ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀." Obìnrin náà wo èmi, ó wo Àmọ̀kẹ́, ó sì kúnlẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Orí ẹní ni bàbá mi jókòó sí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi mọ ọ́n. A ń gbé àga fún wọn, wọn ò gbà. A rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n ni." Ó fi etí ìró nu ojú. "Bàbá mi ò jẹ́ dúró lóòró bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ láé."

Orúnkún mi ti ń pariwo. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fà mí dìde. Àbí ẹ fẹ́ kí ó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ni?"

Àǹtí Fúnmi ló dìde. Ó gbá mi mú lábẹ́ apá, ó ní, "Ẹ dìde, mà. Yèyé ní ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà." Yèyé ni wọ́n ń pe ìyá àgbà nínú ilé wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ó fún wa ní iyán àti ẹ̀fọ́ tó ní ẹja gbígbẹ nínú. Mo jẹ tèmi tán. Àmọ̀kẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà sínú yàrá yẹn, mo sì ń gbọ́ ìró orúnkún rẹ̀ lórí ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nínú mótò tó gbé wa padà, fóònù ló fi ń kọ̀wé. Ìka rẹ̀ ń sáré, kò bi mí ní nǹkan kan. Ní ìkọjá Ọ̀wẹ̀nà, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ òun. Mo ní kí ó ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi, ó sì kà á: "Ìyá àgbà mi kí ère, mo sì bá a kúnlẹ̀, nítorí n kò lè dúró kí ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀." Mo bojú wo òde, mo ń wo igi kòkó tó ń kọjá, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti fa bébà kan yọ nínú báàgì, ó ń fi bírò Àǹtí Fúnmi ya nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Lásísì ti ń dúró dè wá ní ẹnu géètì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò sì jẹ́ kí a jókòó tó fi yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́?"

Àmọ̀kẹ́ fún un. Lásísì wo ibi tí ó yẹ kí ó fọwọ́ sí, ó ṣófo. Ó yí bébà náà sẹ́yìn. Àwa méjì ló wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, àgbà kan àti ọmọ kan, bàtà kan dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò ya ère sí i rárá. Ojú wa méjèèjì gbé sókè, à ń wo ẹni tí kò sí nínú àwòrán.

Lásísì gbé e sún mọ́ iná. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá fi ìka kan ibì kan, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Orúnkún Màmá rèé. Òsì. Ó wú gẹ́lẹ́ bó ṣe ń wú." Kò dá fọ́ọ̀mù padà fún ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sí àpò àyà, ó ní òun ń lọ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mo rí kọ́ lọ́nà Oǹdó kò pọ̀. Mo ti kọjá níwájú ọ̀pọ̀ nǹkan láyé yìí lórí ìdúró, mo sì ti sọ pé oorun ni wọ́n ń sùn.

Àmọ̀kẹ́ bu omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Màmá." Mo gba ife, mo na ẹsẹ̀ kan, mo ká èkejì, mo tẹ orí ba, mo dákẹ́. Ó dúró. Mo ṣì dákẹ́. Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ọ́n ní èjìká, síbẹ̀ kò dìde.

"Màmá, ẹ dáhùn o! Orúnkún ń dun èmi náà!"

Mo wo ojú rẹ̀ tó gbé sókè sí mi, ojú iṣẹ́ tó sọ pé òun kò ní.

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti rí ọ."