Ọjọ́ Tí Wọ́n Dá Àǹtí Wẹ́fíà Padà Sílé

Bí ẹ bá bèèrè Sàfúrátù lọ́gbà yunifásítì tó wà lẹ́yìn Ìsọlọ̀ yẹn, wọ́n á kàn máa wo yín lójú ni. Àmọ́ ẹ bèèrè Àǹtí Wẹ́fíà, kíá ni wọ́n á na ọwọ́ sí ọ̀fíìsì tó lò tẹ́lẹ̀ fún yín. Òun ni akọ̀wé tó ń rí sí àlàáfíà àwọn èèyàn nínú Ìgbìmọ̀ Òṣìṣẹ́, ọdún mẹ́rìndínlógójì ló sì lò lọ́gbà náà. Bí òṣìṣẹ́ bá bímọ, òun ló ń gbé aṣọ ọmọ àti ọṣẹ lọ kí ìyá ìkókó. Bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ó lè mọ bẹ́ẹ̀dì tó wà kí ìyàwó onítọ̀hún tó mọ̀ ọ́n. Òun náà ló ń kọ Ìròyìn Òṣìṣẹ́, ìwé olójú mẹ́rin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó lóṣooṣù: ta ló gbéyàwó, ta ló ra mọ́tò, bàbá ta ló jáde láyé, ẹ̀ka wo ló na ẹ̀ka wo nínú bọ́ọ̀lù. Lójú tèmi, ìwé yẹn dùn ju gbogbo èyí táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ lọ, torí kò sẹ́ni tó ń kà á tí kò ní bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni ìdápadà. Ẹni tó bá fẹ́yìn tì lọ́gbà náà, wọn kì í jẹ́ kó dá lọ sílé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Àwọn ìgbìmọ̀ á wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á sìn ín délé, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Alága á wá ké sí àwọn ará ilé, á ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ yá wa ní èèyàn yín. A ti lò ó, ó ṣe wá lóore. A dá a padà o. Ta ló gbà á?" Ẹnì kan á jáde látinú ilé, á ní, "Mo gbà á." Á bọ́ káàdì ìdánimọ̀ kúrò lọ́rùn ẹni tó fẹ́yìn tì, á fà á lé alága lọ́wọ́. Alága á sì dọ̀bálẹ̀ fún un, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà, á dúpẹ́ pé wọ́n yá àwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Sàfúrátù fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń dún kà-kà-kà ní gbogbo ọ̀fíìsì. Bàbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Sàláwù, tó ń tọ́jú òdòdó lọ́gbà. Bàbá fẹ́yìn tì lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ kan. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó tún dìde nílé rẹ̀ ní Òṣòdì, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi kan nítòsí ojú irin ló ń jókòó sí dìrọ̀lẹ́, torí ojú ń tì í láti sọ fún wọn nílé pé iṣẹ́ ti tán. Ibẹ̀ ni Sàfúrátù ti bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ jọ, tó ń tò ó bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣèpàdé, òun tó jẹ́ ọmọ kékeré láàárín wọn nígbà náà dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, bí èèyàn bá yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ṣé ẹ̀bá ọ̀nà ló ń dá a padà sí?" Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n mú Bàbá Sàláwù lọ sílé, tí wọ́n bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ìyá náà sì sunkún, tó ní òun ti rò pé ọkọ òun ní ìyàwó síta.

Òfin kan ṣoṣo ló wà tí Sàfúrátù fi sí i, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹni tó máa bá onítọ̀hún jí lọ́la ni kó dáhùn. Ìdí ni pé nígbà kan, àbúrò ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń dá padà wá látòkè òkun, ó wọ agbádá ńlá, ó fi ohùn gbẹ̀du dáhùn pé òun gbà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gba pápákọ̀ òfuurufú lọ. Láti ọjọ́ náà ni Sàfúrátù ti ń bèèrè lábẹ́lẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra: ta ni wọ́n máa jọ jí?

Ayé ìgbà náà dùn o. Ní Àjàó Estate, nígbà tí wọ́n dá awakọ̀ ọ̀gá àgbà padà, ọ̀rọ̀ alága ò tíì dé ìdajì tí ìyàwó fi fò jáde, tó ní, "Mo gbà á, ẹ gbé e wá, ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ yín." Ní Àgọ́ Palace, akọ̀wé owó kan ní ìyàwó méjì. Àwọn méjèèjì dáhùn pọ̀, ọ̀kan di okùn káàdì mú lápá ọ̀tún, èkejì dì í mú lápá òsì, díẹ̀ ló kù kí ọrùn bàbá já. Ní Apakun, ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó ń jẹ́ Àjíbíkẹ́ ló dáhùn fún ìyá ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ nílé ìkàwé. Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ náà nínú eruku, ẹ̀rù bá bà á, ó sá wọ abẹ́ ìró ìyá àgbà. Bí Sàfúrátù bá ń rántí ìwọ̀nyí, á máa dá rẹ́rìn-ín lórí àga. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ sínú Ìròyìn Òṣìṣẹ́.

Wàyí o, ọdún tó kọjá ló kan òun náà.

Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, òun ló tẹ orúkọ àwọn tó ń fẹ́yìn tì jáde. Orúkọ mẹ́rin ló tẹ̀, ó sì lọ lẹ̀ ẹ́. Àwọn márùn-ún ni wọ́n. Obìnrin tó ti ń kọ orúkọ gbogbo ayé láti ọjọ́ yìí wá fo orúkọ ara rẹ̀ dá. Ẹ má bínú sí i. Súbérù ọkọ rẹ̀, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Apakun, ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Morọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kàdúná pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni Sàfúrátù ń dá gbé ní Ìsọlọ̀, rédíò nìkan ló sì ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Òun tó ti ń bi àwọn èèyàn pé ta ni wọ́n máa jọ jí, ta ni kó pè? Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Morọ́lá tiẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, ọjọ́ wo ni wọ́n máa dá yín padà? Kí n lè mọ bí mo ṣe máa tọrọ àyè níbi iṣẹ́."

Sàfúrátù ní, "Wọn ò ṣe é mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí ò ráyè irú ẹ̀."

Irọ́ ni. Ó mọ̀ pé bí ọmọ náà bá wá, ó máa dáhùn tọkàntọkàn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, á tún wọkọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò fẹ́ tẹ òfin tí òun fúnra òun ṣe lójú nítorí ara òun.

Àṣírí tú lọ́wọ́ Folúkẹ́, ọmọbìnrin tí wọ́n ti yàn láti gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Folúkẹ́ wọ ọ̀fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí. Mo rí lísìtì yẹn o. Ọ̀fíìsì pẹ́sọ́nẹ̀ẹ̀lì sọ pé èèyàn márùn-ún ni, mẹ́rin lẹ kọ."

"Àṣìṣe ni," ni Sàfúrátù wí.

"Mo mọ̀ mà, mo ti bá yín tún un ṣe. Mo ti fi sórí Wọ́sáàpù náà. Jímọ̀ọ́, aago méjì. Bọ́ọ̀sì kan ò ní gbà wọ́n, àwọn ará ilé ìwòsàn náà ní àwọn ń bọ̀."

Sàfúrátù wo ọmọ náà títí. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kó máa yẹ lísìtì wò? Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì yí ojú sí fèrèsé kí ọmọ náà má baà rí i.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ò ti lélẹ̀ mọ́. Ó ronú pé kí òun gba ìwé dókítà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ó tún ronú pé kí òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ìwó. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, ó wá bá a nídìí kànga.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dà yín láàmú? Ṣebí mo wà ńbẹ̀. Tí wọ́n bá ti bèèrè, màá kàn ní mo gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́ jàre."

"O ṣé. Ṣé yàrá mi lo máa ti jí ní Sátidé?"

Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àti Bàbá Ọpẹ́mipọ̀ ńkọ́?"

"Wàá ṣáà rí i pé kò tọ̀nà," ni Sàfúrátù wí, ó gbé omi rẹ̀, ó wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ́ náà, ó rìn yí ọgbà ká. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń gbá tẹníìsì orí tábìlì, níbi tó ti gba ipò kejì lọ́dún tí Morọ́lá wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ó dé ilé oúnjẹ, níbi tí òun àti Súbérù ti jókòó lọ́jọ́ tí Súbérù wá tún mọ́tò rẹ́jísírà ṣe, tó jẹ búrẹ́dì àti àkàrà Sàfúrátù tán láìbèèrè. Ó dúró níwájú pátákó ìròyìn, ó fi ọwọ́ pa ojú igi tí ìṣó ti lu bí ajere. Ó wù ú kó sunkún, ó sì sunkún díẹ̀, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀.

Nígbà tó di aago méjì, bọ́ọ̀sì méjì gbéra. Wọ́n kọrin látẹnu géètì títí dé Ìsọlọ̀. Àárín Folúkẹ́ àti Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí, alága ìgbìmọ̀, ni wọ́n fi Sàfúrátù sí, ó ń ki ọwọ́ bọ inú báàgì ṣáá, ó ń fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Kò bá wọn kọrin. Folúkẹ́ bi í léèrè ní jẹ́jẹ́ pé ta ló máa dáhùn, kí òun lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìròyìn. Ó ní, "Ká délé ná."

Wọ́n délé. Àwọn èèyàn kún ẹnu ọ̀nà dé títì. Àwọn aládùúgbò jáde. Ìlẹ̀kùn Sàfúrátù wà ní títì pa bó ṣe tì í láàárọ̀. Ògúnjìmí tún fìlà ṣe, ó gbóhùn sókè: "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ yá wa ní èèyàn yín. A ti lò ó, ó ṣe wá lóore. A dá a padà o. Ta ló gbà á?"

Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ la ẹnu, Sàfúrátù juwọ́ sí i pé rárá. Ògúnjìmí rò pé wọn ò gbọ́, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo èèyàn wá rí àgádágodo tó wà lára ìlẹ̀kùn, wọ́n rí fèrèsé tó wà ní pípadé, ó wá yé wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀. Folúkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó mọ ohun tí òun ṣe wàyí. Ohun tó ń ba Sàfúrátù lẹ́rù láti oṣù kan ti dé, ó sì dúró sí àárín rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé.

Ó mí kanlẹ̀. Ó kúrò láàárín wọn, ó rìn lọ sídìí ìlẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí i. Ó wọlé. Ó ṣí fèrèsé pálọ̀, ó tún aṣọ tó wà lórí àga ṣe bí ẹni tó ń retí àlejò. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó wá dúró lójú ìlẹ̀kùn, ó kọjú sí wọn.

Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bèèrè."

Ògúnjìmí tún un bèèrè: "Ta ló gbà á?"

"Èmi Sàfúrátù ni mo gbà á. Èmi ni mo máa bá a jí lọ́la."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bọ́ okùn káàdì náà kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. Okùn há sára ìborùn, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó já a gbà, kò sì sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Ó na káàdì náà sí alága.

Ògúnjìmí gbà á. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó da àyà délẹ̀ níwájú obìnrin tó ti ń pè ní "Sàfú" láti ogún ọdún, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ará ilé. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ yá wa ní Sàfúrátù."

Ó dá a lóhùn bí àwọn ará ilé ṣe ń dáhùn. Ó ní, "Ó ti délé. Ẹ dìde, ẹ wọlé wá jókòó."