Etí Kan Tí A Kò Pa Dé

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ tuntun, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó. Òórùn òróró maṣíìnì a máa dàpọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, àti òórùn àgbàdo sísun nígbà òjò. Ibẹ̀ ni mo ti lọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ ọmọdé lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán tí iṣẹ́ kò yọjú. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo kàn fi ń mú ọwọ́ dí ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tí mo ń wá gan-an ni nǹkan kan ṣoṣo tí màá bẹ̀rẹ̀ tí màá sì rí òpin rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo ti lọ jókòó níwájú àwọn agbanisíṣẹ́ ní Yábà, "A máa pè ẹ́" ni wọ́n fi ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìwọ náà mọ bí fóònù ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bó ṣe máa ń jẹ́ kéèyàn máa yẹ ara rẹ̀ wò bóyá àbùkù kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé rí àyàfi òun.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa, ó gbé àpò ọ̀rá kan lé orí tábìlì mi. Aṣọ àwọn èèyàn wa ló gé sínú rẹ̀: etí ìró màmá wa, ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kan tó ti ṣá, àti àjákù yúnifọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí òun wọ̀ tí èmi náà sì wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bá mi fi rán aṣọ ìbora fún un," ó ní. "Kó tètè mọ àwọn èèyàn ẹ̀."

"Àǹtí mi, ṣé kò tíì yá jù?"

"Kò yá jù. Àwọn tó kọ́kọ́ wá ò bá nǹkan kan nílẹ̀. Bóyá ìyẹn ni wọ́n ṣe pa dà."

Bí o kò bá tíì rán irú rẹ̀ rí, ipele mẹ́ta ni: aṣọ àlẹ̀pọ̀ lókè, òwú rírọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ láàárín, aṣọ funfun nísàlẹ̀. Maṣíìnì ló máa gba orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí wọ́n tó di ọ̀kan. Ọ̀gá mi ní maṣíìnì kan tó ń dárà. Bó bá jẹ́ ewé lo fẹ́, wàá yí bọ́tìnnì rẹ̀ síbi ewé, abẹ́rẹ́ á máa yà sọ́tùn-ún, á máa yà sósì, ewé á sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Òdòdó wà, ìràwọ̀ wà, ìgbì omi wà. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa rán an bọ̀ síta, torí bí o bá ti etí bẹ̀rẹ̀, aṣọ á ká jọ sáàárín bí iwájú orí ẹni tó ń ronú. Ó ká jọ fún mi, mo tú u, ó tún ká jọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ maṣíìnì ló sì ń sọ ọ́.

"Gírádúéètì, ṣé ìwọ lò ń lé maṣíìnì ni àbí òun ló ń lé ọ?" Báyìí ni ọ̀gá mi, obìnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣe máa ń bi mí. "Fara balẹ̀. Tó bá ń ṣe òdòdó, má fà á. Òdòdó tí wọ́n bá fà, aláǹgbá ló ń dà."

Mo fara balẹ̀. Mo rán ìràwọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì, ewé sórí ìró, ìgbì omi sórí yúnifọ́ọ̀mù. Fún etí rẹ̀, mo ti yan àrà kan tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n sín, mo sì ti dán an wò lórí èérún aṣọ kan. Etí mẹ́ta ni mo ti pa dé nígbà tí mo gbé e lọ sílé ní Sùúrùlérè láti fi han màmá wa. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ, wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n o ò ní pa etí kẹrin yẹn dé."

"Á máa yọ òwú, Màámi."

"Kó máa yọ ọ́. Nílé bàbá tèmi, a kì í rán aṣọ ọmọ tí ò tíì dé parí. À ń fi àyè sílẹ̀ kó lè ríbi wọlé. Ọjọ́ tó bá sunkún ni kó o rán an pa."

Mo gbà. Kì í kúkú ṣe pé mo ní ìgbàgbọ́ tó lágbára nínú àṣà ilé wọn, mi ò sì lè sọ pé mi ò ní. Etí tó ṣí sílẹ̀ yẹn ń yún mi lọ́wọ́. Òun nìkan ni nǹkan tó kù díẹ̀ kó parí nínú ayé mi, wọ́n sì ní kí n dúró. Bẹ́ẹ̀ mo rò pé bí mo bá lè mú sùúrù fún un, bóyá ohun gbogbo tó kù náà á tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ìwòsàn, mo mú aṣọ náà dání, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Èrò mi ni pé bí mo bá ti gbọ́ ẹkún ọmọ, ọwọ́ ni màá fi rán etí náà pa níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Màmá wa jáde sí mi, gèlè wọn wà lọ́wọ́ wọn.

"Kó aṣọ yẹn sínú báàgì," wọ́n ní.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Obìnrin ni ọmọ náà, kò sunkún rárá. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò sì dá, àfìgbà tí àwọn dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó lè yè. Òun, ọkọ rẹ̀, màmá wa àti èmi nìkan la mọ èyí. Nítorí náà, gbogbo àlejò tó wá kí i ló ń sọ ohun táwa Yorùbá ń sọ: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Màmá wa á ní, "Ẹ ṣé o." Mo máa ń wo ojú Màámi bí wọ́n ṣe ń dáhùn, inú mi á sì máa bà jẹ́ bíi pé àwa là ń tan àwọn àlejò náà jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n ti lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri, ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n máa wá sọ, tí wọ́n bá mọ̀ pé agbè náà ti lọ?" Mo ṣì ń wá èsì rẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. Ọ̀gá mi rí i, kò dápàárá kankan, ó bu omi fún un, ó sì lọ jókòó síta.

"Aṣọ yẹn dà?"

Mo fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀. Etí rẹ̀ kẹrin ti tú bí irun arúgbó.

"Rán an pa."

"Àǹtí mi, Màámi ní..."

"Màámi ní ká fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Rán an pa."

Mo fẹ́ rán an gbọọrọ lásán, kó lè tètè tán. Ó dá mi dúró. "Èwo lo fẹ́ lò síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Mo fi èérún aṣọ tí mo fi dánra wò hàn án. Ó wò ó pẹ́. "Lò ó," ó ní. Ó wá dúró lẹ́yìn maṣíìnì, ó gbé aṣọ náà lé apá rẹ̀ méjèèjì kí ìwúwo rẹ̀ má baà fa abẹ́rẹ́, bí a ṣe ń gbé ọmọ tuntun gẹ́lẹ́. Mo rí i. Mo rò pé òun náà rí i. Ẹsẹ̀ mi kò yára, aṣọ kò ká jọ. Mi ò tíì rán nǹkan tó dán mọ́rán tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo gé òwú rẹ̀, ó béèrè bóyá àwọn ará Yábà ti pè mí.

"Rárá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní, bíi pé èmi àti ẹlòmíràn ló ń kí, ó sì na ọwọ́ láti gba aṣọ náà.

Mo ti rò ó yí po láti ìgbà yẹn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹni tó bá ń fara balẹ̀ ṣe nǹkan, ìrètí ló ní. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé èèyàn lè ṣe nǹkan dé ojú àmì, kó sì jẹ́ pé kò retí ohunkóhun mọ́, pé bóyá ìfẹ́ nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ná. Kò tù mí nínú. Kí n tó fi aṣọ náà lé e lọ́wọ́, mo fi ìka tọ etí rẹ̀ yí po, láti igun dé igun, lórí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn, mi ò sì kan ibì kankan tó ṣí sílẹ̀.