Ẹsẹ̀ ni wọ́n wá wò

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un kọ kí ìyàwó mi rí i."

Ọ̀gá ilé ìwé wa ló ń bẹ̀bẹ̀ báyẹn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lóṣòó sórí iyanrìn, wọ́n ń yọjú wo ẹsẹ̀ bàbá ìyá mi bí ẹni ń wo ejò nínú agbọ̀n.

Àìsàn ti rọ ọwọ́ Bàbá méjèèjì láti kékeré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń di gègé mú, òun náà ni wọ́n fi kọ odindi ìwé ìtàn kan kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ní Ajah nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àlejò wá bá wa láti Èkó, òórùn ẹja yíyan ló sì ń pàdé wọn létí ọ̀sà. Iṣẹ́ mi láràárọ̀ ni kí n fi kànìnkànìn gbo tàdáwà kúrò láàárín ìka ẹsẹ̀ Bàbá. Kì í tán. Inú a máa bí mi, inú a máa bí Bàbá náà.

"Rọra o! Ẹsẹ̀ lò ń fọ̀, kì í ṣe ìkòkò."

Àlejò á gbé mílíìkì àti ṣúgà wá, Bàbá á fi ẹsẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sórí pépà, àlejò á pariwo pé "Ọlọ́run tóbi!", ó parí. Ẹsẹ̀, ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ṣáá! Mi ò rí ọ̀kan tó bèèrè ìwé.

Ti ọ̀gá ilé ìwé yìí yàtọ̀. Òun ló máa yan ìwé tí kíláàsì wa máa kà, èmi fúnra mi ni mo sì gbé ìwé Bàbá lọ fún un. Kí àwọn ọmọdé kà á kí ọlọ́jọ́ tó dé, ìyẹn nìkan ni Bàbá ń fẹ́.

"Ìwé mi ńkọ́, Tíṣà?"

"Háà, Bàbá! Ó dùn ju oyin lọ. Ó pa mí lẹ́kún."

"Níbo?"

"Ibi tí ìyàwó yẹn ti kú ni."

Gègé bọ́ sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kú nínú ìwé mi."

Ìyá ìyá mi fọwọ́ lérí. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó kú! Ṣebí inú ìwé ni."

"Kò kú!" Bàbá ká ẹsẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ. "Ẹ gbé mílíìkì yín, ẹ máa lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ilé ìwé ń sọ kiri pé, "Aláàbọ̀ ara, ó tún ń gbéraga!" Ó sì ń ròyìn ikú ìyàwó náà fún gbogbo ìlú. Ìwé ẹlòmíràn la kà. Bàbá kú kí a tó kà á dé ìdajì.

Èmi náà ti darúgbó, àwọn ẹbí sì ti ta ilẹ̀ ilé Bàbá báyìí. Àwọn tó rà á fi sìmẹ́ǹtì mọ ère ẹsẹ̀ tó di gègé mú sẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, olórí ẹbí, tí kò ka ojú ewé kan rí, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òun sunkún nígbà tí ìyàwó inú ìwé kú.

"Kí ló pa á?" mo bi í látẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Wọ́n ń yà wá ní fọ́tò."

Mo jókòó. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá ń yin ìwé létí mi, mo máa ń bi í pé ta ló kú níbẹ̀. Ìyàwó yẹn kò kú. Ó wà ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó ń koná mọ́ ẹja, ó ń retí ẹni tó máa kàwé débẹ̀.