Yàrá Páànù Tí A Ti Ń Kọ́ Oòrùn Mẹ́kà

Mo rántí ìgbà tí àwa obìnrin kan ń sanwó kí wọ́n lè sè wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Yàrá òkè kan ni, ní Bẹẹrẹ, kò ní síílìnì, páànù nìkan ló wà láàárín wa àti oòrùn, ọ̀sán gangan la sì máa ń wọ̀ ọ́. Wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé àdògán eléèédú sí kọ̀rọ̀ yàrá, iná á máa jó, àwa náà á wá fẹsẹ̀ kan dúró bí adìẹ tí òjò pa. Yógà ni wọ́n pè é. Títí dòní, bí òórùn èédú bá ta sí mi nímú nínú ilé tí wọ́n tì pa, orí mi á kọ́kọ́ fọ́ ná kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Tíṣà wa wà lára àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n lọ kọ́ níbẹ̀. Ó ní ọwọ́ ará Íńdíà kan lòun ti kọ́ yógà. Bóyá ará Íńdíà náà gbọ́ sí i, Ọlọ́hun ló mọ̀. Tíṣà á jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, á wá máa sọ fún wa pé ká fara dà á. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa mu omi, torí pé omi ń pa iná tó ń yọ́ ọ̀rá. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa jáde kó tó parí, torí pé ìdajì agbára onítọ̀hún á ṣẹ́kù sínú yàrá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn! Gbogbo wa mi orí.

Ìyàwó ilé ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìránṣọ, mo sì ti bí àkọ́bí. Ikùn mi kọ̀, kò wọlé mọ́, mo sì ti pinnu pé ojú ọkọ mi ti ń yà sí àwọn ọmọge Òkè Padre. Ọkọ tí ń jí lọ síbi iṣẹ́ tí ń sùn nídìí rédíò, ibo ló ti fẹ́ ráyè rí ọmọge? Àmọ́ ọgbọ́n kò tíì dé nígbà yẹn.

Ti ìyá ọkọ mi ló le. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági, ilé wa ní Ọjà'ba ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa. Látìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú, Mẹ́kà nìkan ni àdúrà wọn. Lọ́dún yẹn, orúkọ wọn jáde láàárín àwọn tó máa lọ. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé wọ́n ń kí ewúrẹ́ àdúgbò. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kí wọ́n máa lo oògùn wọn déédéé, kí wọ́n sì dín ara kù kí wọ́n tó wọ bàlúù. Ààfáà tó ń kọ́ wọn ní ètò ìrìn àjò náà ò wá jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin pe eléyìí ní oòrùn? Ẹ dé Mẹ́kà kẹ́ ẹ wá rí oòrùn!"

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn ìyá wa ti pé. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n ní ẹni tó máa rìn lójú oòrùn Mẹ́kà, ó yẹ kó ti kọ́ ọ láti Ìbàdàn. Báyìí ni ìdajì yàrá Tíṣà ṣe kún fún àwọn tó fẹ́ re Mẹ́kà, ìyá ọkọ mi wà lára wọn. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, wọ́n tún ń gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè lé e. Mo rọra sọ fún ìyá ọkọ mi pé, "Ìyá, ṣé kò yẹ kẹ́ ẹ sinmi lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbààwẹ̀?" Wọ́n wò mí tàánú-tàánú. "Ìyàwó, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣé o ò rí i bí ibà ṣe ń lọ tí wọ́n bá daṣọ boni lórí ìkòkò àgbo ni? Òógùn yẹn gan-an ni àìsàn." Èmi ta ni, tí mo fẹ́ bá ìyá ọkọ jiyàn? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun Ìyá.

Tọ́sìdeè kan ni. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu wọn, páànù ń dún pà-pà-pà lórí wa. Gbogbo wa ń ṣàn bí ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́. Ṣàdédé ni òógùn ìyá ọkọ mi dá. Ara wọn gbẹ táútáú, ó sì gbóná bí irin ìlọṣọ. Kí làwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe? Wọ́n kí wọn kú oríire! "Àìsàn ti tán lára ìyá yìí, alhamdulilah!" Ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Tíṣà náà dìde, ó ní kí gbogbo wa wá wo àpẹẹrẹ rere. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ṣé a ti dé?"

"Ibo ni, Ìyá?"

"Mẹ́kà."

Ni wọ́n bá ṣubú lulẹ̀ gbì.

Mo figbe ta, mo sáré lọ ṣí fèrèsé. Tíṣà ń ké lẹ́yìn mi pé, "Ẹ má ṣí i, ooru á jáde!" Mo ní, "Orí ẹ ló máa jáde, Tíṣà!" Ẹ dákun, mi ò ráyè ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà. A gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, a tú aṣọ lọ́rùn wọn, a da omi tí a gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ tó wà nísàlẹ̀ lé wọn lórí àti lára títí takisí fi dé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ ìgbà tá a kọjá Mápó.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wọn lára. Dókítà obìnrin kan bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní yógà ò burú. Inú ooru gan-an, ara tó bá le lè ṣe é, bó bá mu omi dáadáa ṣáájú àti lẹ́yìn, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ ọ, tó sì jáde kíá tí òòyì bá kọ́ ọ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹlẹ́jẹ̀ ríru? Pẹ̀lú ààwẹ̀? Nínú yàrá tí wọ́n tì, tí èédú ń jó? Ẹ fẹ́ pa ìyá yìí ni? Kí òógùn dá lójijì nínú ooru, ewu ló dé yẹn, kì í ṣe ìwòsàn."

Ìyá ọkọ mi yè é, àmọ́ kíndìnrín wọn kò padà sípò. Bàlúù gbéra láìsí wọn. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá dágbére, wọ́n rẹ́rìn-ín fún gbogbo wọn, wọ́n rán wọn ládùúrà. Nígbà tí ilé dá, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, mo fẹ́ lọ o." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Kí ọdún mìíràn tó yí po, ọlọ́jọ́ ti dé.

Tíṣà kó lọ sí Èkó, mo gbọ́ pé ó ń ṣe dáadáa. Irú wọn kì í ṣàìrí jẹ. Ọmọbìnrin mi náà ń lọ síbi yógà olóoru báyìí, ó ní òde òní ni. Mo ní kó gbé omi dání, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì sá jáde tí orí bá ń fò ó, kódà bí tíṣà tiẹ̀ ń ké. Ó ní mo ti ń dàgbà. Mo gbà fún un.

Èmi náà dé Mẹ́kà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Oòrùn ibẹ̀ mú lóòótọ́, ààfáà ò parọ́. Ohun tí kò sọ fún àwọn ìyá wa ni pé kò sẹ́ni tó ní ká fara dà á níbẹ̀. Ibòji wà, agboòrùn wà, omi mímọ́ sàmúsàmù tútù wà káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń bẹ èèyàn kó mu sí i. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé ife lé mi lọ́wọ́ kí n tó béèrè. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe mi, àmọ́ ńṣe ni mo mu omi náà tán. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún ìyá ọkọ mi, torí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀mí wọn kọ́.