Ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ sínú epo dúdú

Ẹ má bi mí pé kí ló dùn nínú kí àgbàlagbà máa fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kékeré, kó sì tún máa wá a kiri inú igbó. Ẹni tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí ni kò mọ̀. Tí ọ̀pá bá bà á dáadáa, á dún "kọ́!", ọwọ́ rẹ kò ní mọ̀ pé o lu nǹkan kan, bọ́ọ̀lù á sì ti wà lókè. Háà! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá irú ẹ̀, mo sáré tẹ̀lé e tariwo-tariwo, inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Akọ̀wé ìjọba ni mí ní Kàdúná nígbà náà. Pápá àwọn òyìnbó kì í ṣe tiwa, nítorí náà àwa akọ̀wé Yorùbá mẹ́rin ṣán igbó lọ́nà Kawo, a ṣe tiwa. Agolo mílíìkì la rì mọ́lẹ̀ ṣe ihò. Ọyẹ́ kì í jẹ́ kí koríko tútù wà, torí náà a po yanrìn mọ́ epo dúdú inú ẹ́ńjìnnì, a tẹ́ ẹ yí ihò ká kí bọ́ọ̀lù lè máa yí geere. Fúlàní tó ń da màlúù kọjá á dúró wò wá, á ní "Kai!", á mi orí, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú wa ni ọ̀gá mi, ará Èkó, tó mọ òfin gọ́ọ̀fù sórí bí Àdúrà Olúwa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ ti gbà, bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún kan gbáko! Àfi lọ́jọ́ kan tó ní, "Wá ní Sátidé, èmi àti ìwọ nìkan. Ihò mẹ́sàn-án. Tí a bá ṣe tán, màá fún ọ lésì. Inú eré ni mo ti ń mọ ènìyàn."

Oorun dá lójú mi. Kí n na àna mi ni, àbí kí n jẹ́ kó nà mí? Ọ̀rẹ́ mi ní, "Jẹ́ kó nà ọ́, ìwọ dìndìnrìn yìí!" Mo gbà.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbá ti àkọ́kọ́ tó dún "kọ́!", mo gbàgbé ìyàwó. Ẹsẹ̀ mi ò tó ilẹ̀ mọ́. Bàbá jẹ ihò kan, mo jẹ ọ̀kan.

"Ọmọ Ẹ̀gbá, kí lo jẹ wá?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, sà!"

Nígbà tí a dé ihò kẹsàn-án, ọ̀mì ni.

Bọ́ọ̀lù tèmi ti sún mọ́ ihò. Mo dúró sí apá òsì ihò. Bàbá rọra gbá tiẹ̀. Ó ń bọ̀ geere, ihò ló kọjú sí gan-an. Ìgbà náà ni mo gbọ́ lápá ọ̀tún, "Ẹ kú eré o!" Ìyá ọmọ ni, ó gbé omi mímu wá fún ọkọ rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mi ò mọ ìgbà tí mo na gbalaja síwájú ìyá ìyàwó, tèmi ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, sínú epo, láàárín bọ́ọ̀lù àti ihò. Bọ́ọ̀lù Bàbá bà mí níhà, ó dúró.

Mo gbé! Ọdún kan tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀, mo ti fi ìhà dí i.

Bàbá rìn wá, ojú rẹ̀ le koko. "Tí bọ́ọ̀lù ẹni bá ba alátakò rẹ̀, alátakò ló pàdánù ihò náà. Òfin ni. O pàdánù."

"Ó pàdánù kẹ̀?" Ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ Ìyá. "Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú epo? Ẹ̀yin tí ẹ wá ẹní kí ẹ tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi!"

Bàbá fún ẹnu pọ̀, kò lè fún un pẹ́. Ẹ̀rín gbé e jókòó sílẹ̀. Ó nu ojú, ó ní, "Àwọn ará ilé rẹ l'Abẹ́òkúta, ọjọ́ wo ni wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú irin?"

Mo ti dìde dé orúnkún. Mo tún dọ̀bálẹ̀ padà sínú epo náà.