Àánú Tí Wọ́n Ṣe Láì Bi Mọrẹ́nikẹ́

Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, àwa ará Port Harcourt ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìbòmú kúrò lẹ́nu, nígbà tí a gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti ṣàánú àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan, wọ́n ti tú wọn sílẹ̀. Orúkọ Màdámù wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí inú fi ń bí mi bí wọ́n bá ti dárúkọ àánú ìjọba, ohun tí ojú mi rí nìyí.

Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni Màdámù. Ó ní ilé oúnjẹ ní Rumuokwuta, a sì jọ ń ṣèpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ni. Ó máa ń gba ọmọbìnrin lọ́wọ́ àwọn òbí tí kò rọrùn fún, á ní òun á fi wọ́n sílé ìwé. Òtẹ́ẹ̀lì ló ń kó wọn lọ fún àwọn ọkùnrin. Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ ní Mile One, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ ní kóòtù, tí adájọ́ fi sọ obìnrin náà sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ.

Tíṣà ni mí, mo ti bá ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ rí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò jọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwa obìnrin ti wọ aṣọ dúdú, a dúró sẹ́nu géètì ọ́fíìsì ìjọba tó ṣètò àánú náà ní Old GRA. Ọ̀gá kan tó wọ súùtù jáde sí wa.

“Mama, wetin una still dey find? The pikin family don forgive am. Una own elders come tell us.”

Mo yíjú sí Ìyá Mọrẹ́nikẹ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Tíṣà, Bàbá Alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ló kó àwọn àgbà wá sílé mi. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Bàbá tó tó bí mi lọ́mọ! Kí ni kí n ṣe? Mo ní kí wọ́n dìde.”

Gbogbo àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló yé. Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, tó o sì ní kó dìde, o ti gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Bàbá Alága mọ̀ dájú pé Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ò ní lè fi òun sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ohun tí a fi ń parí ìjà tọkọtaya ni wọ́n gbé lọ sílé ọmọ tí wọ́n tà. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Bàbá Alága fúnra wọn dé láìpẹ́, wọ́n ní àwọn wá pẹ̀tù sí wa nínú.

“Tíṣà, ẹ má dójú tì wá nílùú onílùú. Ọmọ wa ni Màdámù.”

“Mọrẹ́nikẹ́ ńkọ́, Bàbá? Ọmọ ta ni tiẹ̀?”

Ni Mọrẹ́nikẹ́ bá bọ́ síwájú láàárín wa, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì dìde. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

“Daddy, ẹ káàárọ̀ sà. Na me she sell o, no be my mama. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá bẹ̀bẹ̀, mo wà ní room. I dey hear una. Kò sẹ́ni tó pè mí.”

Bàbá Alága ṣí fìlà. “Ọmọ mi, a ò rò ó débẹ̀.” Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

A padà lọ síbẹ̀ léraléra títí òjò fi dé. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún wa, pé àánú tí wọ́n bá ti buwọ́ lù kì í ṣeé gbà padà. Ohun tí a rí gbà kò pọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá pinnu pé a ò tún ní bá ẹnikẹ́ni tó bá ba ayé ọmọdé jẹ́ bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ọ̀gá onísúùtù náà ṣèlérí pé wọ́n á máa pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kí wọ́n tó tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò tíì wọnú òfin. Iṣẹ́ yín nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Mọrẹ́nikẹ́ ń kọ́ṣẹ́ irun nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màdámù wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, ó pè é lórúkọ, ó sì gbàdúrà fún un. Ọmọ náà kó kóòmù rẹ̀, ó jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló wà báyìí. Ìyá rẹ̀ ló máa ń wọkọ̀ lọ wò ó ní Kérésìmesì, torí ọmọ náà ní bí Màdámù bá ṣì wà ní Port Harcourt, òun ò ní wálé.