Màmá Ẹlẹ́ja Tó Ru Ẹ̀bi Ẹnu Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Karmo, létí olú-ìlú, mo fi ẹnu ara mi ba orúkọ obìnrin kan jẹ́, mo sì jókòó, mò ń wo obìnrin mìíràn nígbà tó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí èmi ṣe. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá fi eré ọmọdé ṣáájú, màá rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ má wò ó pé n kò tíì hewú. Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe, ilé àwọn olówó ní Jahi ni mò ń tẹ́ ẹ sí, ìwé mi kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti gbó nínú mi.

Ìjọ Mẹ́nónáìtì ni màmá mi ń lọ. Ará Kàbbà ni wọ́n, aládùúgbò wa kan tó wá láti Akwa Ibom ló mú wọn débẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá mi. Ìjọ kékeré ni, abẹ́ páànù lásán, ó sì ti túká báyìí. Àwọn èèyàn yẹn kì í jà, wọn kì í gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ ara wọn, obìnrin á fọ ti obìnrin, ọkùnrin á fọ ti ọkùnrin. Àwọn ọmọ àdúgbò kò jẹ́ kí a gbádùn nítorí èyí. Bí mo bá ti ń bọ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n á na ẹsẹ̀ sí mi: "Onífọsẹ̀, wá fọ tèmi, ó ti ń rùn."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin ìjọ máa ń pàdé ní yàrá wa fún àdúrà. Yorùbá ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni olórí wọn, ẹja yíyan ló ń tà ní ọjà Karmo, Màmá ẹlẹ́ja la sì ń pè é. Ohùn rẹ̀ ròkè. Bó bá ń gbàdúrà nínú yàrá, àwọn tó ń kọjá lójú títì á máa bá wa ṣe àmín. Òun ló ń pín iṣẹ́ bí ẹnìkan bá bímọ tàbí tí àìsàn dé: ìwọ pọn omi, ìwọ se ẹ̀kọ, ìwọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù lọ sọ́dọ̀ rẹ. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn, nítorí iṣẹ́ tó le jù ló máa ń mú fún ara rẹ̀. Kí wọ́n tó gbàdúrà, ó máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá gbọ́ nínú yàrá yẹn kò gbọdọ̀ jáde.

Ìyàwó kan wà láàrin wọn, ọmọge ló ṣì jẹ́ bí ẹ bá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojúlé kejì sí tiwa ló ń gbé. Ó rọbí títí nígbà oyún àkọ́kọ́, ọmọ náà kú, láti ìgbà náà sì ni ìtọ̀ ti ń jò lára rẹ̀ tọ̀sán tòru, kò lè dá a dúró. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò lè máa sùn nínú òórùn, ó kó jáde. Àwọn obìnrin ìjọ nìkan ló mọ̀. Wọ́n máa ń fọ aṣọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ wọn kí ará ilé má baà fura. Wọ́n ti wá ọsibítù tí wọ́n ti ń rán irú ọgbẹ́ inú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti gba ọjọ́ fún un.

Ẹ wá wo ohun tí Màmá ẹlẹ́ja ń ṣe. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo èèyàn bá wọ aṣọ tó mọ́, aṣọ ọjà ni òun máa ń ró wá, èyí tí èéfín àti òróró ẹja ti mu yó. Á wá jókòó ti ìyàwó yẹn pẹ́kípẹ́kí. Bí ẹnikẹ́ni bá yín imú, ẹja ni wọ́n á rò pé àwọn gbọ́. Alàgbà kan, ọkùnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan máa dán lójú àlejò, pè é lọ́jọ́ kan lójú gbogbo wa.

"Màmá, ṣé kò sí ọṣẹ ní Karmo ni?"

"Ọṣẹ wà, sà. Ẹja ni kò gbà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀ kan tí wọ́n ní kí n lọ ṣeré, tí mo sì dúró sábẹ́ fèrèsé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà fún ìyàwó yẹn, mo gbọ́ àìsàn náà látòkè délẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì àwọn ọmọ orí pápá tún bẹ̀rẹ̀ onífọsẹ̀ wọn. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ẹlòmíràn fi ṣẹ̀sín. Mo ní, "Ẹ ò tíì mọ èyí tó ń rùn jù nínú wa." Mo sì sọ ọ́. Mo tún fi bó ṣe ń rìn hàn wọ́n, mo fún itan méjèèjì pọ̀, mo ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn. Ohun tó ń kó mi nírìíra jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, pé inú mi dùn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọdé ti ń di imú bí ìyàwó náà bá ń kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi tọmọdé sílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà, àwọn ìyálé ilé tó ti bímọ rí, ń da omi apakòkòrò sí ibi tó bá tẹ̀. Obìnrin tó ń ta kókó ní kó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sún sẹ́yìn kí òun tó bù ú fún un. Mo ti kó pàǹtí rí, mo ti gbẹ́ ṣáláńgá rí nígbà tí iṣẹ́ kò sí, n kò rí ohun tó rí mi lára tó ojú tí àwọn obìnrin yẹn fi ń wo obìnrin ẹgbẹ́ wọn.

Ìyàwó náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tí màmá mi àti àwọn yòókù lọ kàn án, mo wà níbẹ̀.

"Ta ni?"

"Àwa ni. Ṣílẹ̀kùn, ìyàwó wa."

"Ẹ̀yin wo? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mọ èyí tó sọ ọ́ nínú yín. Bí mo bá bá yín dé ọsibítù, ta ni kò ní padà wá ròyìn ibi tí wọ́n gé lára mi?"

Màmá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyàwó náà ní òun kò lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ọsibítù fún un ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé bó bá kọjá, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn máa yọ.

Nínú ìjọ wa, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú oúnjẹ alẹ́ Olúwa, gbogbo ọmọ ìjọ á jókòó, wọ́n á sì bi ẹnìkọ̀ọ̀kan bóyá àlàáfíà wà láàrin òun àti àwọn ará. Bí ẹnìkan bá ní kò sí, wọn kì í bu àkàrà oúnjẹ alẹ́ náà títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Màmá mi rọ ìyàwó náà títí ó fi wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Kò sí àlàáfíà."

Alàgbà yẹn wo aago. Àwọn àlejò láti ìlú òkèèrè ń bọ̀ wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi, kò fẹ́ kí ìtìjú bá òun. Ó ní, "Ẹni tó sọ ọ́ kó tètè jáde. Ẹ̀yin obìnrin, ṣebí ẹ mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò jù nínú yín." Àwọn kan rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo ojú yí sí Màmá ẹlẹ́ja. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn náà yíjú sí i.

Èmi wà lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lórí pápá kò là.

Màmá ẹlẹ́ja dìde. Kò wo alàgbà, ìyàwó yẹn ló ń wò. "Èmi ni," ó ní.

"Ẹ̀yin, màmá?"

"Èmi ni. Ahọ́n mi ló yọ̀. Kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn mi. Àwọn tó kù yìí, o lè bá wọn lọ ibikíbi." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyàwó yẹn fi aṣọ bo imú. "Ẹ kúrò lára mi. Òórùn yín ń yọ mí lẹ́nu."

Alàgbà ní ó tó, ọ̀rọ̀ ti parí, kí Màmá fi ipò olórí sílẹ̀. Màmá mi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn obìnrin fọ ẹsẹ̀ ara wọn, ẹnikẹ́ni kò na ẹsẹ̀ sí Màmá ẹlẹ́ja. Ó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ dà síta, ó ń gbé omi tó mọ́ wọlé. Àwọn àlejò ní àlàáfíà tó wà láàrin wa wu àwọn púpọ̀. Mo bì lẹ́yìn ìjọ lọ́jọ́ náà. Màmá mi rò pé ẹ̀wà àná ni.

Ìyàwó náà bá màmá mi àti àwọn yòókù lọ sí ọsibítù. Wọ́n rán an, ara rẹ̀ sì gbẹ. Ó ti lọ́kọ mìíràn ní Ìlọrin báyìí, ó sì ti bímọ. Títí ó fi kúrò ní Karmo, kò kí Màmá ẹlẹ́ja.

Ayé ti yí. Ilé alájà ti gba ibi tí pápá wa wà. Àdúrà àwọn obìnrin ti wà lórí fóònù, gúrúùpù Wásáàpù, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé "ẹ bá wa gbàdúrà fún arábìnrin báyìí báyìí," tí wọ́n á sì to gbogbo àìsàn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Kánádà. Nígbà tí mo bá rí i, àfi bíi pé mo gbọ́ òórùn ara mi. Ohun tí èmi fi ẹnu ṣe lórí pápá, wọ́n ń fi ìka ṣe é, wọ́n sì ń fi àmín pa á dé.

Ní ọdún tó kọjá mo sọ òótọ́ fún màmá mi. Wọ́n ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo jẹ́ kí n yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, kí n sì jókòó sórí àga rẹ̀?" Wọn kò wò mí. "Má bẹ̀ mí. Èmi kọ́ lo jẹ ní gbèsè."

Màmá ẹlẹ́ja wà ní Jabi báyìí, nítòsí gáréèjì, ó ṣì ń ta ẹja. Mo máa ń lọ rà á. Ó máa ń fi ẹja kékeré kan ṣe èènì fún mi, á ní, "Kí màmá rẹ fún mi o." Ojoojúmọ́ ni mo máa ń sọ pé òní ni màá jẹ́wọ́ fún un, màá sì mú àwọn obìnrin tó kù nínú wọn wá síwájú àtẹ rẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì pe ẹni tó wà ní Ìlọrin lórí fóònù. Màá wá gba ẹja mi, màá ní "ẹ ṣeun, mà," màá lọ. Ohun tí mo kọ síbí yìí kò tíì san nǹkankan fún un. Màmá ẹlẹ́ja kò mọ ìwé kà.